Ògiri Ilé Mùjíbátù

Mùjíbátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àílà ọ̀sán tán lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí ògiri náà wó. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀ tó bí èèyàn ṣe máa rò. Ó dún bí ìgbà tí ẹnìkan bá sọ ẹrù iṣu kalẹ̀ lójijì, lẹ́yìn náà ni òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo àgbàlá. Ó fọwọ́ kan ìdí Hàjàrá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já, kó lè dá ara rẹ̀ lójú pé ọmọ náà wà níbẹ̀, kó tó dìde lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ògiri iyàrá ni, èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn. Láti òkè dé àárín, ó ti ya lulẹ̀ sínú ilé. Ìkòkò epo méjì tó gbé sí ìdí rẹ̀ ti fọ́, epo náà sì ń ṣàn wọ inú amọ̀. Ẹní tí Hàjàrá máa ń sùn lé lọ́sàn-án wà lábẹ́ òkìtì náà. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ síta. Mùjíbátù dúró, ó ń wo etí ẹní náà, lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Abà Olókè ló wà, tí kò jìnnà sí Akanran, ọdún tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì mọ ọ́n. Lìádì ọkọ Mùjíbátù jẹ́ ọmọ ogun, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ogun Ìbàdàn lọ sójú ogun. Nígbà tí wọ́n ń mọ ilé náà, Mùjíbátù kò sí nílé. Ó ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ó sì dúró síbẹ̀ kọjá ogójì ọjọ́. Ọjọ́ tó padà dé, ó bá ilé tó ti dúró, tí wọ́n ti fi ewé gbòdògì bò, ṣùgbọ́n Lìádì ti gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí ibùdó ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ó wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó tutù. Ó rò pé bí ilé tuntun ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọládòṣù ló mọ ọ́n. Ní abà náà nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lè po amọ̀ ló láṣẹ láti mọlé fún ẹlòmíràn. Ògiri kan ti wó lu ìyá àtọmọ lójú oorun nígbà kan, láti ọjọ́ náà ni Baálẹ̀ ti pàṣẹ pé ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ ilé gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mọlémọlé àgbà, kí àwọn àgbà sì yẹ ilé mẹ́ta tó kọ́kọ́ mọ wò, kí Baálẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Àwọn méjì péré ni Baálẹ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀kan ti darúgbó, kò lè gun àkàbà mọ́. Ìkejì ni Ọládòṣù. Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ilé tó mọ kò sì ní àléébù títí di ọjọ́ yẹn.

Mùjíbátù ránṣẹ́ pè é. Ó dé kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka tẹ ojú ibi tó ya.

Ó ní, "Òjò ọdún yìí pọ̀, Ìyá Hàjàrá. Ọ̀pọ̀ ilé ló fara gbá a."

Mùjíbátù bi í léèrè nípa ilé Jùbrílù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí kò ju ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ lọ sí tirẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Lìádì. Ó ní òjò kan náà ló ń rọ̀ lé àwọn méjèèjì lórí. Ọládòṣù tún fọwọ́ kan ibi tó ya náà. Ó ní òun yóò wá bá a mọ ibi tó wó padà, òun yóò sì rẹ́ ìyókù kó lè lágbára. Mùjíbátù mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ògiri kejì hàn án, bó ṣe yọ ikùn síta bí aboyún. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ohunkóhun. Òun fẹ́ mọ ìdí tí ilé oṣù mẹ́fà fi ń wó. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùjíbátù gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò pẹ́. Baálẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbà mẹ́rin wà pẹ̀lú rẹ̀, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ níta. Mùjíbátù kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pè méjì. Nígbà tó dé orí ẹní ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà méjì tí Baálẹ̀ rán lọ wo ilé náà sọ pé ògiri yòókù kò ṣeé gbójú lé.

Baálẹ̀ wá kọjú sí Ọládòṣù. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lo ṣe mọ ilé yìí?"

"Rárá, Baba."

"Kí ló dé?"

Ọládòṣù gbé ojú sókè. Mùjíbátù rí i pé Jùbrílù ni ojú rẹ̀ lọ bá, níbi tó jókòó sí lẹ́bàá òpó, Jùbrílù sì ń fi ọwọ́ ra tẹ̀sùbáà rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó rò pé bóyá ọkùnrin náà ń wá alágbàwí ni.

Ọládòṣù ní, "Èmi ni mo mọ ọ́n, Baba. N kò ní ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ."

Baálẹ̀ dúró kó tún sọ nǹkan mìíràn, kò sọ. Nítorí náà, ó dájọ́ pé kí Ọládòṣù wó ilé náà tán, kó sì tún un mọ láti ìpìlẹ̀ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kó má gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí àwọn àgbà yóò fi yẹ ilé tuntun náà wò, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ilé kankan mọ́. Ọládòṣù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì jáde sínú òjò. Inú Mùjíbátù dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Ó kó lọ sí agbo ilé Jùbrílù. Iyàrá kan ṣoṣo ni wọ́n lè yọ̀ǹda fún un, ibẹ̀ náà ni ìyàwó Jùbrílù ń kó àgbàdo sí. Ní gbogbo oṣù òjò yẹn, eku ń ré kọjá lẹ́bàá orí òun àti ọmọ rẹ̀. Kò ṣàròyé. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń wo apá ibi tí ilé rẹ̀ wà, ó ń ka ìgbà tí òjò yóò dá.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, Ọládòṣù dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múyì, àti àbúrò rẹ̀ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri. Mùjíbátù dúró tì wọ́n. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ́ la ìsàlẹ̀, ó rí gbòǹgbò koríko nínú amọ̀ náà, àwọn mìíràn ṣì ní ewé. Ó he ọ̀kan, ó nà án sí Ọládòṣù.

Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun nìyẹn, òun kò fẹ́ bo ohunkóhun. Amọ̀ tó dára wà létí odò, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. Òun ni òun ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ òkè tí gbòǹgbò kún inú rẹ̀, òun sì mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Mùjíbátù bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kò sáyè. Ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, etí odò ni wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀. Ìyá Múyì ń ru omi láti àárọ̀ di ìyálẹ̀ta. Obìnrin náà kì í kí Mùjíbátù ju bó ti yẹ lọ, Mùjíbátù kò sì dá a lẹ́bi, nítorí gbogbo abà ló mọ̀ pé láti ọjọ́ ẹjọ́ ni ọkọ rẹ̀ kò ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe, oko ẹ̀gẹ́ ló ń ro fún àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n tẹ amọ̀ náà, wọ́n fi ewé bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tún un tẹ̀. Ọládòṣù mọ ìpele kìíní yí ilé náà ká, ó ga dé orúnkún, ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ó mọ ìkejì, ó tún fi í sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń wá fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ohun tó ń ṣe ju ìyẹn lọ.

Ó sú Mùjíbátù. Eku ti gé aṣọ ìkómọ Hàjàrá. Òun àti ìyàwó Jùbrílù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣàkàṣàkà nítorí ibi tí wọ́n máa sá ẹ̀kùrọ́ sí. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpele kejì, ó bá Ọládòṣù níbi tó ti ń fọwọ́ kan ògiri bí ìṣe rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Múyì, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ gbé ìpele kẹta lé e. Ọjọ́ ń lọ."

Ọládòṣù yọ ọwọ́ kúrò lára ògiri. Ó wo Mùjíbátù, kì í ṣe bí ẹni tí inú ń bí. "Ojú rẹ̀ ló gbẹ. Ọyẹ́ ló mú un gbẹ. Inú rẹ̀ ṣì tutù." Ó nàka sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. "Níbi tí ẹ dúró sí yìí náà ni ẹnìkan dúró sí nígbà yẹn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi."

Mùjíbátù bi í pé ta ni. Ọkùnrin náà gbá ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní kó má ṣèyọnu, òun yóò padà wá ní ọ̀tunla.

Kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni sọ fún un mọ́. Ó rántí ibi tí ojú Ọládòṣù lọ lọ́jọ́ ẹjọ́, ó sì ti mọ̀ pé ọkọ òun ni kó tó dé ilé Jùbrílù, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé ó ń bẹ Ọlọ́run lọ́nà pé kó má rí bẹ́ẹ̀. Jùbrílù ń lọ́ okùn níwájú ilé. Mùjíbátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì bi í léèrè bí wọ́n ṣe mọ ilé òun. Jùbrílù kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò dìde, ó gbé okùn sílẹ̀.

Ohun tó sọ rèé. Nígbà tí wọ́n mọ ìpele kìíní, ìròyìn dé láti Ìbàdàn pé kí gbogbo ọmọ ogun ìjòyè tí Lìádì ń tẹ̀ lé péjọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lìádì lọ bá Ọládòṣù, ó ní kó parí ilé kí òun tó lọ. Ọládòṣù ní kò ṣeé ṣe. Lìádì kọ́kọ́ fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun yóò pe mọlémọlé mìíràn wá láti Ìbàdàn. Ọládòṣù kò yẹ̀. Lìádì wá jókòó sórí òkìtì amọ̀, ó ní ìyàwó òun ń gbé ọmọ tuntun bọ̀, òun kò sì mọ̀ bóyá òun yóò padà wá láàyè, òun kò fẹ́ kí wọ́n wá bá ilé tí kò lórùlé. Jùbrílù ní àbúrò òun sunkún lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó rí ẹkún rẹ̀ gbẹ̀yìn ṣáájú ìgbà náà, ọmọdé ni Lìádì. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń mọ ilé láìdúró, ìpele lórí ìpele, amọ̀ ẹ̀yìnkùlé nítorí ó súnmọ́.

Mùjíbátù ní, "Ẹ sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀, ẹ kò sọ ọ́."

Jùbrílù ní ṣé kí òun wá bọ́ àbúrò òun síhòòhò níwájú àwọn èèyàn ni, nígbà tí àbúrò náà wà lójú ogun tí kò lè gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ó ní Ọládòṣù pàápàá ti gbà, ó sì ti tán.

Fún bí ọjọ́ mẹ́fà, Mùjíbátù kò sọ ohunkóhun. Ó lọ sóko, ó gún iyán, ó kí ìrun rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún kò dúró sójú kan. Nígbà mìíràn yóò rántí Lìádì lórí òkìtì amọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì rọ̀ débi pé yóò ní láti gbé ọmọ-ọlọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹní ọmọ rẹ̀ ni yóò rántí. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́, ilé ṣì máa parí, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó pàdé Ìyá Múyì lójú ọ̀nà odò pẹ̀lú ìkòkò lórí. Obìnrin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kọjá, kò sì gbójú sókè. Mùjíbátù kọjá. Nígbà tó dé odò, ó jókòó sórí òkúta títí oòrùn fi wọ̀ ọ́ lára, kò pọn omi.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Jùbrílù rí i tó gba ọ̀nà ilé Baálẹ̀, ó mọ ohun tó ń lọ ṣe, ó sì wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó rò ó dáadáa, pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ni yóò gbé lé àwọn èèyàn lọ́wọ́. Mùjíbátù ní òun ti rò ó. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó gbọ́. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ó ní òun ni òun pe ẹjọ́, òun kò sì fẹ́ kí ẹjọ́ náà wà ní ìdajì.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Ọládòṣù, ó sì bi í léèrè bóyá òótọ́ ni.

Ọládòṣù ní, "Òótọ́ ni, Baba. Ṣùgbọ́n Lìádì kò mọ bí amọ̀ ṣe ń gbẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Èmi ni mo mọ̀. Ó ń lọ sógun, n kò sì lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

Baálẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán, ó wo Ọládòṣù, ó wo Mùjíbátù.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rárá yẹn gan-an la torí rẹ̀ fọwọ́ sí ọ. Ẹni tó ń bẹ ọ́ kò lè mọ bí amọ̀ ṣe ń gbẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹnìkan mọ̀ ọ́n."

Kò yí ìdájọ́ rẹ̀ padà lórí ilé náà. Ọládòṣù ni yóò mọ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n ó dá àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà, ó sì ní kí agbo ilé Jùbrílù máa mú ọkùnrin méjì wá láti tẹ amọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí ọmọ ilé wọn ló fa ìkánjú. Jùbrílù gbà. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi dáhùn ìkíni Mùjíbátù ju "hùn-ún" lọ.

Ìpele kẹrin ni wọ́n wà nígbà tí Lìádì yọ. Ìjòyè ogun rẹ̀ fún wọn láyè ọjọ́ mẹ́rin láti wá kó oúnjẹ. Ó ti rù, eruku ọ̀nà bò ó, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ yà sí. Nígbà tí Mùjíbátù fi máa gbé omi fún un, ojú ọkùnrin náà ti fi hàn án pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà. Ó gbé Hàjàrá, ó ń wo ojú ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn. Kò jẹun.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Lìádì ní, "O dúró níwájú gbogbo abà, o dárúkọ mi."

Mùjíbátù ní, "Mo dárúkọ yín. Abẹ́ ògiri yẹn ni ẹní ọmọ yín wà."

Kò tíì gbọ́ ti ẹní náà. Jùbrílù kò sọ ìyẹn fún un. Ó ní kó tún un sọ, Mùjíbátù sì tún un sọ, láti orí ìrun Àílà dé orí etí ẹní tó yọ síta. Lìádì fi ọmọ náà mọ́ àyà. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bínú mọ́.

Ní àárọ̀, ó jáde kó tó sọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí Mùjíbátù ń lọ sódò, ó rí òun àti Ọládòṣù tí wọ́n dúró létí kòtò amọ̀. Ọ̀nà jìn, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè títí láé. Nígbà tó fi máa pọn omi tán, Lìádì ti bọ́ dàńṣíkí rẹ̀ sórí igbó, ó ti wọnú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì ilé wọn. Ìyá Múyì ń da omi sí i. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó ru àpò èlùbọ́ rẹ̀, ó sọ fún Mùjíbátù pé kó tọ́jú ara rẹ̀, ó sì wo òkè ibi tí òrùlé yóò wà. Kò ní kí wọ́n dúró de òun kí wọ́n tó bò ó, kò sì ní kí wọ́n má dúró.

Nígbà tí ògiri tó gbé òrùlé, Ọládòṣù wá sọ fún Mùjíbátù. Jùbrílù kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá pẹ̀lú ewé gbòdògì, ìyàwó rẹ̀ sì bá Mùjíbátù se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Àwọn àgbà yẹ ilé náà wò láàárọ̀, wọ́n fi ìdí ọkọ́ gbá ògiri níbi mẹ́rin, wọ́n ní ó dára. Ìròyìn kò tíì wá láti ibùdó. Mùjíbátù kó ẹrù rẹ̀ wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ó tẹ́ ẹní tuntun, ó sì lọ bẹ Ìyá Múyì pé kó fún òun ní irúgbìn ẹ̀gúsí díẹ̀ tí òun lè gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ilẹ̀ náà ṣì wà lófìfo.